Ìròyìn Tí Mo Gbé Lọ Sáàárín Ilé Díńgí Etí Ọ̀sà

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí Ọjọ́rú ni mo ti ilẹ̀kùn ilé wa ní Òsí. Mo gbé báàgì kékeré kan lọ́wọ́, mo sì gbé ìròyìn ikú ìyá mi sínú. Àbúrò mi Káyọ̀dé, tó ń gbé ní Èkó, ni mo ń gbé e lọ fún. N ó ròyìn ilé gogoro fún yín, n ó ròyìn ilé oúnjẹ tó wà lórí omi, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé fàájì ni mo bá lọ. Bí kì í bá ṣe ikú, kí ni ìbá gbé arúgbó tíṣà bíi tèmi débẹ̀?

Ọjọ́ Ajé ni Ìyá kú. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Èmi ni àkọ́bí wọn, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì ń gbé látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé fún wọn láàárọ̀, mo pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn, ó ti tutù. Látìgbà náà ni mo ti ń sáré. Èmi ni mo lọ sọ fún àlùfáà ìjọ wa, èmi ni mo pe àwọn ẹbí ní Ìlofà àti Odò-Ọwá, èmi àti Ìyá Bọ́sẹ̀ aládùúgbò wa la wẹ̀ wọ́n kí a tó gbé wọn lọ sí mọ́ṣúárì. Ẹnu mi ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ. Bí mo bá ti sọ ọ́ fún ẹnìkan, yóò figbe ta, n ó máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, n ó sì kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Èmi fúnra mi ò sunkún. Ẹ̀rù tiẹ̀ ń bà mí pé bóyá ọkàn mi ti yigbì.

Ó wá ku Káyọ̀dé. Abígbẹ̀yìn ni, ogún ọdún ni mo fi jù ú lọ, ẹ̀yìn mi yìí ló ti mọ ìrìn. Iṣẹ́ díńgí ló ń ṣe, àwọn díńgí ńláńlá tí wọ́n fi ń ṣe ara ilé gogoro lóde òní. Inú àga onírin tí wọ́n fi okùn so rọ̀ látòkè ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa tẹ díńgí mọ́ ara ilé. Ẹ gbà mí o! Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ la ó fi fóònù túfọ̀ ìyá rẹ̀ fún, níbi tó ń fì dirodiro sí?

Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí a ṣe ń túfọ̀ lọ́dọ̀ wa. A kì í ju ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ luni bí òkò. Ẹ ó lọ bá ẹni náà nílé, ẹ ó jẹ́ kó jẹun, torí bó bá ti gbọ́, oúnjẹ di èèwọ̀ ẹnu rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan nìyẹn. Ẹ ó mú un jókòó, ẹ ó dì í lọ́wọ́ mú, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn: ara ìyá ò fi bẹ́ẹ̀ yá; wọ́n ti gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn; àwọn dókítà ń gbìyànjú. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ ó fi mú un dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ yóò ti rí i. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá wa ṣe máa ń ṣe é, ìlú sì máa ń wá pè wọ́n fún un.

Nítorí náà ni mo ṣe parọ́. Alẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn ni mo pe Káyọ̀dé, mo ní Ìlọrin ni mo wà látọjọ́ Àìkú, pé àyẹ̀wò ìwé ìfẹ̀yìntì ló gbé mi débẹ̀, pé tó bá di Ọjọ́rú n ó kọjá sí Èkó, kó fi àwọn ilé tó ń fẹnu ròyìn látọdúnmọ́dún hàn mí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń pariwo. Ọdún mẹ́rin gbáko ni kò ti wálé, gbogbo ìgbà ló sì ń bẹ èmi àti Ìyá pé ká wá wò ó.

Ọ̀kadà gba ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́wọ́ mi dé gáréèjì. Táàsì gba ẹgbẹ̀rún méjì dé Òmù-Àrán, a mẹ́rin lẹ́yìn, a méjì níwájú, orúnkún mi sì ń lu jíà lójú gbogbo kòtò. Kòtò ọ̀hún kì í ṣe kékeré, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbabẹ̀ lójoojúmọ́ mọ̀ ọ́n. Ní Òmù-Àrán ni mo ti wọ bọ́ọ̀sì Èkó, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà, wọ́n sì fi mí síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà nítorí orí ewú mi.

Dírẹ́bà yìí, ọmọ Ọ̀fà tó sanra dáadáa, ò lè panu mọ́. Ó ní, "Màmá, níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Èkìtì."

"Àà, Adó!"

"Kì í ṣe Adó. Èkìtì ti Kwara ni."

"Kwara náà ní Èkìtì?"

"Ó ní ín. Ojú ọ̀nà ni kó o máa wò."

Ó rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí wa nìyẹn, Èkìtì ní a kì í ṣe tàwọn, ará Kwara ò rántí pé a wà. A gba Àjàṣẹ́, a gba Ọ̀fà, a gba Òṣogbo. Nígbà tó kù díẹ̀ ká wọ Ìbàdàn, dírẹ́bà yà síbi kan kí àwọn èrò jẹun. Iyán àti ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹran kan, ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀. Mo wo iyán náà lójú, kókó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé irú iyán bẹ́ẹ̀ síwájú àlejò ní Òsí, ìyàwó ilé yóò sá wọ yàrá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kókó ló jẹ́ kí n má jẹ ẹ́.

Dírẹ́bà wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. "Màmá, ẹ ò tíì fi nǹkan kan ẹnu látàárọ̀."

"Mo ń gbààwẹ̀ ni."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ààwẹ̀ kọ́ nìyí, Màmá. Ọlọ́run á fún yín lókun o." Ó lọ ra omi àti ẹ̀pà, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Èkó. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Níbikíbi tó bá wà, kó má rí ogun ọ̀nà.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la wọ gáréèjì. Káyọ̀dé ti wà níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èrò, mo ní kó dìde kí mọ́tò má tẹ̀ ẹ́ pa. Nígbà tó dìde, ó dì mọ́ mi, ó pẹ́ kó tó fi mí sílẹ̀. Ó ti rù díẹ̀. Mo ní, "Ṣé o ń jẹun sá?" Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ò jẹun, Àǹtí mi, ẹ wo ojú yín." Ó ní òun ti gba àyè ọjọ́ mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ torí mi.

Yàrá kan ló ń gbé, lẹ́yìn Ọbáléńdé, ó mọ́ tónítóní. Mo ti pinnu pé n ó sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó se ìrẹsì, kò jẹ ju síbí mẹ́ta lọ, ó ní àárẹ̀ mú òun. Ta ló máa gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ẹni tí kò jẹun lórí, kó tún wá fi sùn? Mo ní ó dọ̀la, lẹ́yìn oúnjẹ. Ohun kan tó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé kò béèrè Ìyá lọ́wọ́ mi. Gbogbo ìgbà tó bá la ẹnu ni mo ń rò pé ó fẹ́ ní, "Ìyá ńkọ́?" Kò bi mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mi ò sì bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀. Mo pè é ní àánú, mo sì sùn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó fi fóònù rẹ̀ pe mọ́tò kan, mọ́tò ọ̀hún sì wá bá wa lẹ́nu ọ̀nà. A gun afárá kọjá sí apá etí ọ̀sà tí wọ́n ti fi yanrìn dí omi, tí wọ́n sọ di ilẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti fi àwòrán ilé kọ́ ọmọdé nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹnu mi là sílẹ̀. Ilé kan wà tí àjà rẹ̀ yí síra wọn, ọ̀kan yọrí sọ́tùn-ún, ọ̀kan yọrí sósì, bí ìwé tí ọmọ kíláàsì kìíní tò jọ tí kò tò dáadáa. Mo bi Káyọ̀dé pé ṣé kò ní wó, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe yà á. Òmíràn ní ewéko tó ń hù ní gbogbo àjà, ó ń ṣàn wálẹ̀ lára ògiri. Lọ́dọ̀ tiwa, bí igbó bá hù lára ilé rẹ báyẹn, ìgbìmọ̀ àdúgbò yóò wá kìlọ̀ fún ọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọn ò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ilé wa ní Òsí ló kọjú sí títì, ẹni tó ń lọ yóò kí ẹni tó jókòó, ẹni tó jókòó yóò dáhùn. Bí ẹnìkan bá kú nínú ilé, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹni tó ń lọ sóko pàápàá á ti mọ̀. Ti ibí yìí, díńgí ni látòkè délẹ̀. O ò rí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lò ń rí, ìwọ àti ojú ọ̀run lẹ́yìn rẹ. Mo rí arúgbó obìnrin kan tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ìró rẹ̀ ti rún, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ni.

Mo na ọwọ́ kí n fọwọ́ kan díńgí ọ̀hún. Ẹ̀ṣọ́ kan sáré wá. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í fọwọ́ kàn án."

Káyọ̀dé ní, "Ọ̀gá, èmi ni mo fi síbẹ̀."

Ẹ̀ṣọ́ náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kò burú. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó tutù, lóòrùn gangan yẹn. Káyọ̀dé wá nàka sókè, ó ní, "Àǹtí, ẹ wo àjà kẹrìnlá. Ibi tó ń dán yẹn. Oṣù méjì ni mo fi wà níbẹ̀." Mo gbójú sókè títí ọrùn fi ń ro mí. Mo rí i nínú ọkàn mi tó ń rọ̀ níbẹ̀, tí fóònù ń dún lápò rẹ̀, mo sì tún dúpẹ́ pé mi ò sọ ọ́ lórí fóònù. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ láìdúró, nípa irin, nípa gọ́ọ̀mù tó ń di díńgí mú, nípa afẹ́fẹ́. Kò jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ wà láàárín wa rárá. Mo ní èèyàn tí inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ rẹ̀ nìyí.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó mú mi lọ sí ilé oúnjẹ kan tó wà lórí omi gan-an, lórí òpó, pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, o sì ń gbọ́ omi tó ń lu òpó nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú gbé ìwé oúnjẹ wá. Ẹja yíyan kan, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì náírà. Mo ní kí wọ́n dá ìwé náà padà, bóyá ti ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún wa. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní súṣì. Ìrẹsì tútù ni, wọ́n wé e bí ẹní kékeré, wọ́n fi ẹja tí wọn ò sè sínú rẹ̀. Ohun mìíràn ń jẹ́ mọ́kùtéèlì, ìyẹn ni omi èso tí wọ́n pò pọ̀ bí ọtí, ṣùgbọ́n tí kò lè pa ọ́. Iyán náà wà! Wọ́n gbé tèmi wá, kò ju ẹyin tòlótòló lọ, ewé kan dúró lórí rẹ̀, wọ́n sì fi fọ́ọ̀kì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fọ́ọ̀kì fún iyán! Mo rẹ́rìn-ín, Káyọ̀dé náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

A wá bẹ̀rẹ̀ ìjà oúnjẹ. "Àǹtí, ẹ jẹun." "Ìwọ ni kó o jẹun." Ó ń gé ẹja tirẹ̀ sínú àwo mi. Mò ń gé ẹran tèmi sínú tirẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, nítorí tèmi, ẹ jẹ ẹ́ tán." Mo gbé iyán mì kí òun náà lè gbé tirẹ̀ mì. Mo ní nínú ara mi pé bó bá ti jẹ èyí tó kù yìí tán, n ó sọ ọ́.

Mo fọwọ́. Mo nu ẹnu. Mo to ọ̀rọ̀ jọ bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wa. Kí n tó ṣí ẹnu, Káyọ̀dé dìde, ó gbé àga rẹ̀ yí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì gbá ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Àǹtí mi, ẹ ti yó?"

"Mo ti yó."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n pè mí látilé. Wọ́n ní ara Ìyá ò fi bẹ́ẹ̀ yá."

Mo mọ ọ̀nà yẹn. Mo mọ ibi tó ń lọ. Káyọ̀dé ń túfọ̀ ìyá mi fún mi!

Lẹ́yìn náà ló tó ṣàlàyé fún mi pé alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòun ti rí i, ọmọ ìlú wa kan ló gbé àwòrán Ìyá sórí Wásáàpù ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ pẹ̀lú àbẹ́là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rò pé Ìlọrin ni mo wà lóòótọ́, pé pẹ̀lú fóònù kékeré oníbọ́tìnì tí mò ń lò, mi ò tíì gbọ́. Ó ti gbé e mọ́ra látìgbà náà. Ìdí tí kò fi béèrè Ìyá nìyẹn. Ìdí tó fi ń bẹ̀ mí pé kí n jẹun nìyẹn.

Mo fẹ́ sọ pé, "Mo mọ̀." Ó wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ó ti ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó rọra ń mú mi bọ̀, ó ní wọ́n gbé Ìyá lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní dókítà méjì ló dúró tì wọ́n, ó ní wọ́n ń dárúkọ mi. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èmi tí mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tútù, tí mo fi kànìnkànìn wẹ̀ wọ́n, ni mo jókòó tí mò ń gbọ́ bí dókítà méjì ṣe ṣaájò wọn. Mi ò lè dá a dúró. Mo ń fẹ́ kó máa sọ ọ́.

"Àǹtí mi, ẹ mú ọkàn le. Ìyá ti fi wá sílẹ̀."

Igbe tó ta lẹ́nu mi, mi ò mọ̀ pé ó wà nínú mi. "Yèé! Ìyá mi o! Ìyá mi!" Àwọn tó ń jẹun yíjú padà. Ọmọbìnrin aláṣọ dúdú sáré wá, ó dúró, kò mọ ohun tí yóò ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún tirẹ̀. Káyọ̀dé gbé orí mi lé àyà, ó ní, "Ẹ sun ún, Àǹtí. Ẹ sun ún." Mo sun ún. Ọjọ́ kẹrin tí ìyá mi ti kú nìyẹn, ẹni àkọ́kọ́ sì nìyẹn tó sọ fún mi.

Ìdájí ọjọ́ Ẹtì la gbéra padà. Òun ló gbé báàgì, òun ló sanwó ọkọ̀, ó ń já búrẹ́dì sí mi lọ́wọ́ bí ẹni ń bọ́ ọmọ. Kò sunkún. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe wà lọ́jọ́ Ajé. Ní Òṣogbo mo ní n ó jẹ́wọ́ fún un, mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé mímú tó mú mi dání yẹn ló gbé òun náà ró, mo sì panu mọ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ilé tí a ń lọ yìí, ẹsẹ̀ mi ń wúwo sí i bí ọ̀nà ṣe ń kúrú.

A dé Òsí ní ìrọ̀lẹ́. Èrò ti wà lọ́dẹ̀dẹ̀ wa. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ sáré wá pàdé wa, ó gbá mi mọ́ra, ó bú sẹ́kún. "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá òkú Ìyá, tẹ́ ẹ wẹ̀ wọ́n, tẹ́ ẹ gbé wọn lọ, ẹ tún wá lọ mú àbúrò yín wálé láìsinmi. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Káyọ̀dé gbé báàgì sílẹ̀. Ó wò mí.

"Àǹtí, ẹ ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

"Ta ló túfọ̀ fún yín?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó túfọ̀ fún mi, Káyọ̀. Ìwọ nìkan ni."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá, ó sun ẹkún ọdún mẹ́rin, mo sì jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò pọ̀, kò sì kan ilé díńgí. Bí ikú bá wọlé yín lọ́la, tẹ́ ẹ rí ẹnìkan tó ń sáré kiri, tó ń pe ẹbí, tó ń sanwó mọ́ṣúárì, tó ń rẹ gbogbo ayé lẹ́kún, ẹ má ṣe yìn ín pé ó gbójú. Ẹ mú un jókòó. Ẹ jẹ́ kó jẹun. Ẹ dì í lọ́wọ́ mú, kí ẹ sì sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti kú. Ó mọ̀. Ẹ ṣáà sọ fún un.